Dòdò Lédè Faransé

Bí ẹ bá gba Ìkirè kọjá lọ sí Ifẹ̀ ní ọdún 1992, tí ẹ kò sì rí orúkọ Alága Dúrótìmí Akínṣọlá, a jẹ́ pé ẹ sùn nínú mọ́tò ni. Orúkọ náà wà lára ògiri ọjà. Ó wà lára táǹkì omi tí kò sí omi nínú rẹ̀. Ó wà lára àwọn bẹ́ǹṣì tí èrò fi ń dúró de mọ́tò lẹ́bàá títì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó, orí Alága ló jókòó lé. Alága kò ronú kan ìyẹn kí ó tó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Kí ni ọkùnrin yìí tilẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀? Ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó kà á: Àjọ Ìbáṣepọ̀ Láàrin Orílẹ̀-Èdè Lórí Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Tuntun Nípa Ọ̀rọ̀ Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ìlú kò lẹ́mìí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, Àjọ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Yàrá méjì ni wọ́n fún un lẹ́yìn ọjà Ìkirè, Alága sì sọ yàrá kan di ibi tí àlejò yóò ti máa dúró de òun nígbà tí òun bá wà ní yàrá kejì tí òun kò ṣe nǹkan kan.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Oríṣiríṣi àjọ ni wọ́n ń dá sílẹ̀, kálukú ń wá ibi tí yóò jókòó sí, Dúrótìmí náà sì rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ìjókòó náà tó ń gún un nídìí. Adelé ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé tí wọ́n fi yàn án: "Adelé Alága". Nígbàkígbà tí Moses, akọ̀wé rẹ̀, bá ń ka ìwé náà sétí àwùjọ, Alága á ní kí ó fi ìka bo "Adelé", Moses á sì fi ìka bò ó. Bí Dúrótìmí bá nìkan wà nínú ilé, á dúró níwájú dígí, á pe ara rẹ̀ ní Alága ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ọkàn rẹ̀ á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá àjọ náà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Àrùn kan ti wọ oko àgbagbà ní Àpòmù àti Ìkirè. Ìlà dúdú á kọ́kọ́ yọ lára ewé, ewé á gbẹ, igi á wà níbẹ̀ lóòró, ọmọ tó bá so kò ní tóbi. Làtífù, olórí àwọn àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní Àpòmù, ti gé oko rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin tó ń dín dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, tí Àṣíáwù jẹ́ ìyálọ́jà wọn, ti ń lọ ra àgbagbà ní ọ̀nà jíjìn, dòdò wọn sì ti kéré débi pé èrò ọkọ̀ ń bi wọ́n bóyá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà tí ìyá rẹ̀ wà nílé.

Ìdí nìyí tí inú gbogbo ènìyàn fi dùn nígbà tí ìròyìn dé pé ilé ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ti rí irú àgbagbà kan tí àrùn yìí kò lè pa. Wọ́n fẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ wa ní ọmọ rẹ̀ láti gbìn, kí ilé ìwádìí àti àgbẹ̀ sì jọ máa wò ó bí yóò ṣe ṣe sí lórí ilẹ̀ tiwa. Ìwé àdéhùn nìkan ló kù kí wọ́n fọwọ́ sí. Alàgbà Oyèwùmí, dáírẹ́kítọ̀ láti Òṣogbo, ránṣẹ́ sí Dúrótìmí pé: "Bí ẹ bá rí i dájú pé wọ́n fọwọ́ sí i, a óò yọ adelé kúrò lára orúkọ yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, a óò wá ẹlòmíràn."

Láti ọjọ́ yẹn, àgbagbà ti kúrò lọ́kàn Dúrótìmí. Adelé nìkan ló kù níbẹ̀.

Ó pe ìpàdé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpàdé Àjọ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nìyí: gbogbo ènìyàn á jókòó, Moses á ní kí wọ́n dìde nítorí Alága ń bọ̀, wọ́n á dìde, Alága kò ní tíì wọlé, ẹsẹ̀ á máa ro àwọn àgbàlagbà. Bí ó bá wọlé tán, Moses á gbé aṣọ ìnujú funfun sókè, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí Alága bá wúkọ́, Moses á tún gbé e sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Dúrótìmí wí, "sáyẹ́ǹsì ń bọ̀! Sáyẹ́ǹsì ti wọ bàtà, ó ti di ẹrù rẹ̀. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, sáyẹ́ǹsì ti dé Ìdí-Ìrókò, ó ń bi àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Dúrótìmí?'"

Aṣọ ìnujú lọ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni yóò ṣíwájú wọn, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Madámù Adijíbádì." Ó fa orúkọ náà gùn bí ẹni ń fa ọ̀bẹ jáde nínú àkọ̀. "Faransé kì í ṣe ènìyàn tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nítorí náà, mo pàṣẹ. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta dòdò lójú títì títí wọn yóò fi lọ."

Àṣíáwù dìde. Ó ju Alága lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún ipò. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí ni dòdò ṣe?"

"Ó dúdú, Ìyá."

"Ó ti ń dúdú kí wọ́n tó bí yín."

"Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin ò mọ Faransé. Bí wọ́n bá rí nǹkan dúdú tí epo ń kán lára rẹ̀, wọ́n á ní èédú là ń jẹ níbí. Ẹ máa ta bisikíìtì fúngbà díẹ̀."

"Bisikíìtì Ìkirè," ni Àṣíáwù wí jẹ́jẹ́, ó sì jókòó.

"Èkejì, oko Bàbá Làtífù ní Àpòmù ni a óò kọ́kọ́ mú wọn lọ. Mi ò fẹ́ rí ewé tó ní ìlà dúdú kankan níbẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí a fi kun géètì ọ́fíìsì ṣẹ́kù, kí wọ́n fi kun àwọn ewé náà kó máa dán."

Làtífù ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún yà á. "Alága, àrùn yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Bí èèyàn bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ṣé ó máa ń fi páúdà bo egbò ni?"

"Ẹni tó bá mọ ẹ̀tọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni Moses dáhùn, inú Alága sì dùn sí i.

"Ẹ̀kẹta," ni Alága tún wí, ohùn rẹ̀ wá rọ̀, "àgbagbà tuntun yìí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Èmi kò fẹ́ fi ara mi ṣáájú, ẹ mọ ìwà mi. Mo ti ní kí wọ́n ṣe pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́ oko náà. Ohun tí a kọ sí i ni ÀGBAGBÀ ALÁGA."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Làtífù ń wo orúkọ àlejò tí Moses ti kọ sára aṣọ gbàgàdà tí wọ́n fẹ́ ta sójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé láti Bẹ̀nẹ̀: ADJIBADÉ. "Alága," ni ó wí, "orúkọ yìí jọ Ajíbádé lójú mi o."

"Bàbá, ẹ má fi orúkọ Faransé wé ti agbo ilé yín," ni Dúrótìmí sọ, ìpàdé sì túká.

Ẹ óò bi mí pé níbo ni Dúrótìmí ti gbọ́ Faransé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé, "Nígbà tí mo wà létí òkun lọ́hùn-ún," àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé òkè òkun ni ó ń wí. Etí òkun Sẹ̀mẹ̀ ni, níbi tí ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ta táyà àlòkù fún oṣù díẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọjà táyà ń yá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Obìnrin kan sì wà ní yàrá kejì tí ọmọ rẹ̀ kì í sùn bọ̀rọ̀, tó máa ń kọrin fún un pé "dodo, dodo". Dúrótìmí béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ní oorun ni, ó sì fi sọ́kàn. Ìyókù Faransé rẹ̀, ọ̀fun ara rẹ̀ ló ti ń pèsè rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Ìkirè, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi àpò tútù bò. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Ó wọ bùbá àti ìró àdìrẹ, ó lo ìgò ojú. Dúdú ni, ó dán.

Dúrótìmí yíjú sí Moses. "Dúdú ni."

"Dúdú ni, sà."

"Ó lè jẹ́ oòrùn ojú ọ̀nà."

"Oòrùn ni, sà. Ìdí-Ìrókò jìnnà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ya ẹnu láti kí wọn. Ṣùgbọ́n Dúrótìmí ti fò mọ́ ọn, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì pariwo pé: "Bọ̀nsúà, Madámù! Bọ̀nsúà, bọ̀nsúà!"

Ẹ kú alẹ́ ni ó ń kí i láàárọ̀ o. Obìnrin náà wo oòrùn, ó wo ọkùnrin tó wọ agbádá funfun báláú yìí bí òógùn ṣe ń bò ó, ó sì ṣe é láàánú. Ó rò ó pé bàbá yìí ti forí ṣe fọrùn ṣe láti kọ́ èdè ilé iṣẹ́ òun, kò yẹ kí òun dójú tì í. Ó dá a lóhùn pé, "Bọ̀nsúà." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Faransé nìyẹn.

Wọ́n lọ sí Àpòmù. Oko Làtífù ń dán gbinrin bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ewúrẹ́ kan já ewé kan jẹ, ó dúró, ó wo Alága, ó sì gba ibòmíràn lọ. Madámù fọwọ́ kan ewé kan. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Ó na ọwọ́ náà sí Alága, ó sì fi Faransé béèrè pé ta ló fi ọ̀dà kun ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Dúrótìmí kọjú sí àwọn ènìyàn. "Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí ewé tó tutù báyìí rí! Ó ní fítámìnì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ṣàn síta!"

Aṣọ ìnujú Moses lọ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Madámù gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ó yíjú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, Alága sì sọ fún Moses pé ìmọrírì ló ń pa obìnrin náà lẹ́kún. Láti ìgbà yẹn ni Madámù ti pinnu pé òun yóò dákẹ́, kí òun lè mọ ibi tí bàbá yìí ń lọ. Ó fi èékánná họ ewé kan, ìlà dúdú yọ lábẹ́ ọ̀dà. Ó wo Làtífù. Làtífù wo ilẹ̀.

Inú Alága dùn, ó fẹ̀yìn ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí wọ́n ya fọ́tò òun lábẹ́ pátákó òun. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, àwòrán ewé ńlá kan ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn agbádá funfun rẹ̀, láti ọrùn dé ìdí. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí Moses kò sọ. Moses kò sọ ohun tí Alága kò bá fẹ́ gbọ́ rí láyé rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìlú Ìkirè kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ Àpòmù wà lápá kan, àwọn obìnrin onídòdò wà lápá kejì, Alàgbà Oyèwùmí láti Òṣogbo wà nídìí tábìlì gíga pẹ̀lú ìwé àdéhùn níwájú rẹ̀. Moses ka oríkì Alága, ó ka ìwé ìyànsípò rẹ̀, ìka rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí ó wà. Alága fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ ọwọ́ fi sunkún, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n sì tún sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Madámù sọ̀rọ̀, kí òun máa túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí obìnrin náà wí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ewé tí òun rí ní Àpòmù ń ṣàìsàn, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Ó ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú ọkọ̀ níta, ọ̀fẹ́ ni, kí àwọn àgbẹ̀ tètè wá gbé e kó tó gbẹ. Ó ní ilé iṣẹ́ òun fẹ́ kí àgbẹ̀ àti onídòdò náà fọwọ́ sí ìwé, nítorí àwọn ni wọn yóò jọ ṣiṣẹ́.

Dúrótìmí wúkọ́. "Madámù ní láti Párísì títí dé Jàpáànù, òun ò tíì rí alága tó mọ tinú tòde ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí èmi. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré lòun ti ń gbọ́ orúkọ mi. Ó ní bí kì í bá ṣe èmi ni alága, alága tó fìdí múlẹ̀, alága pátápátá, kí wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn padà!"

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Alàgbà Oyèwùmí fẹ̀gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ sí i. "Faransé yẹn kúrú o. Yorùbá rẹ̀ ló gùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni èdè wọn rí, sà. Wọ́n máa ń ká a ni, èmi ló ń tẹ́ ẹ."

Ó jókòó, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó ti ń rí i bí wọ́n ṣe ń fi yíǹkì pa adelé rẹ́. Madámù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kí ló kàn án? Faransé ṣá ni. Dúrótìmí gba orí rẹ̀ kọjá bá Moses sọ̀rọ̀: "Bó bá ti fọwọ́ sí i báyìí, kí wọ́n tètè dá a padà. Kí wọ́n da àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sẹ́yìn ọ́fíìsì. Ká ṣe ìwúyè mi ná. Àwọn àgbẹ̀ lè dúró."

Ẹ̀rín kúrò lójú Madámù. Ó rí Làtífù níwájú, tó jókòó sétí ìjókòó, tó ń wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ wà. Ó ti tó. Ó gba máìkì, ó bi wọ́n ní Faransé pé kí òun tó fọwọ́ sí nǹkan kan, dòdò Ìkirè dà? Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ ketekete: dodo.

Àṣíáwù fò dìde. "Dòdò! Alága, dòdò ló ní!"

Dúrótìmí rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin gbọ́ dòdò, èmi gbọ́ Faransé. Lédè tiwọn, dodo, oorun ni. Oorun ń kun àlejò wa."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní láti ṣòótọ́ fún ọkùnrin yìí. Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Faransé ṣe ń sọ fún ọmọ kékeré tí wọ́n bá fẹ́ kó sùn. Nínú gbogbo Faransé tó ti pa láti àárọ̀, òun nìkan ló pé, òun náà ló sì gbé e ṣubú.

"Moses! Fóòmù!"

Moses sáré jáde. Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin méjì fi gbé fóòmù olódòdó kan wọlé, èyí tí wọ́n fà yọ lórí bẹ́ẹ̀dì Moses fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú tábìlì gíga, wọ́n gbé ìrọ̀rí lé e. Alága gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́! Sáyẹ́ǹsì fẹ́ sùn!"

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Àwọn ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ wọn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ìrọ̀rí. Madámù tún sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn líle: "Dodo! Dodo Ìkirè!"

"Ó ní oorun náà ti wọ òun lára jù," ni Alága túmọ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ sí fóòmù náà pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Obìnrin náà dìde. Ó bọ́ bàtà. Ó rìn lọ sórí fóòmù, ó jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé máìkì sẹ́nu.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìkirè. Ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ kú ọjọ́."

Abẹ̀bẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ ìrọ̀rí.

"Fóòmù yìí rọ̀ o, ẹ ṣeun. Àmọ́ oorun ò kùn mí. Dòdò ni mo ní. Dòdò tí wọ́n fi àgbagbà tó ti pọ́n rà dín, tí ata wà nínú rẹ̀, tó máa ń dúdú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Kétu wa ní Bẹ̀nẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ìyá mi á bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ra tÌkirè bọ̀. Mo débí láàárọ̀, bisikíìtì ni wọ́n nà sí mi lójú ọ̀nà. Fẹ́yìsetán Ajíbádé lorúkọ mi. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa ló yàtọ̀. Látàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo gbọ́ Yorùbá."

"Mo sọ ọ́!" Làtífù ń lu àyà. "Mo sọ ọ́! Mo ní Ajíbádé ni!"

Gbọ̀ngàn bú gbàù. Gèlè ń já bọ́, àwọn àgbà ń nu omi ojú, àgbẹ̀ kan wó sórí fóòmù ní ẹ̀gbẹ́ Madámù, kò lè dìde mọ́. Ṣé ẹ rò pé Dúrótìmí sá? Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó na apá méjèèjì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi! Nígbà tó dé láàárọ̀, kò gbọ́ ẹyọ kan! Mo ti kọ́ ọ!"

Moses pàtẹ́wọ́. Òun nìkan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kó ọwọ́ sápò.

Alàgbà Oyèwùmí dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀ díẹ̀, títí kan tirẹ̀. "Dókítà, kí lẹ sọ gan-an lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ fún wa?"

Fẹ́yìsetán sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ewé, ọ̀dà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀fẹ́, àwọn tó yẹ kó fọwọ́ sí i. Ó wá fi kún un pé: "Mo tún gbọ́ ohun tí Alága sọ fún akọ̀wé wọn létí mi, pé àwọn àgbẹ̀ lè dúró. Òótọ́ ni, wọ́n ti mọ ìdúró. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ò lè dúró, ó ń gbẹ níta."

Oyèwùmí yíjú. "Moses, mú ìwé ìyànsípò yẹn wá. Gbé ìka rẹ kúrò níbẹ̀."

Moses gbé ìka kúrò. Ọ̀rọ̀ náà jókòó síbẹ̀ láìfarapamọ́. Oyèwùmí kà á, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, tó ń kí àwọn tó bá nílé.

"Ẹ kú adelé o, Alàgbà Akínṣọlá," ni ó wí. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Onílé ti dé."

Dúrótìmí yí padà láti jáde tìyìtẹ̀yẹ, ìgbà náà ni gbogbo gbọ̀ngàn wá rí ewé tútù gbàgàdà tó wà lẹ́yìn agbádá rẹ̀. Ẹ̀rín náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé àtẹ́wọ́ ni, ó sì juwọ́ sí wọn.

Làtífù fọwọ́ sí ìwé fún àwọn àgbẹ̀, Àṣíáwù fọwọ́ sí i fún àwọn onídòdò, Fẹ́yìsetán fọwọ́ sí i fún àwọn tirẹ̀ láti orí fóòmù, ó ní òun ò dìde mọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n túká, Àṣíáwù fa apẹ̀rẹ̀ kan jáde lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó ṣí ewé tó wà lójú rẹ̀. Ó dúdú, ó ń kán epo, òórùn ata rẹ̀ gba inú ilé. Obìnrin yìí ti dín tirẹ̀ láti àárọ̀, àṣẹ tàbí àìsí àṣẹ.

"Ẹ gbà," ni ó wí fún àlejò. "Bisikíìtì Ìkirè."

Wọ́n gbin àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sí oko Làtífù kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Kò sí ẹni tó rántí láti fa pátákó náà tu. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun, ohun tí wọ́n ń kà ni ÀGBAGBÀ ALÁGA, wọ́n sì rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó so, ó tóbi, ewé rẹ̀ tutù láìsí ọ̀dà. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi dé ọjà.

Ní ọdún kejì, Dúrótìmí ń kọjá lẹ́bàá títì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ti padà sídìí táyà àlòkù nígbà náà, ó sì ń ṣe dáadáa nídìí rẹ̀. Ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń pariwo lẹ́yìn òun: "Alága! Alága rèé o! Alága tó dùn!"

Ó dúró, ó tún fìlà ṣe, ó yíjú padà pẹ̀lú ọwọ́ lókè.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Àṣíáwù wí láti ìdí agbada epo. "Kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Dúrótìmí sọ ọwọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo dòdò náà, àwọn tó lọ́ràá, tó dúdú, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń jà sí. "Alága ni ẹ ń pè é?"

"Alága."

"Kì í ṣe adelé?"

"Adelé kẹ̀? Alága pátápátá."

Ó ronú sí i. Lójú tèmi, inú rẹ̀ dùn, dídùn tòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú rẹ̀ dùn tí ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ ìnujú sókè. Ó ra ìdì kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ní orúkọ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Kò pẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti balẹ̀ sáyà, ó sì ń hanrun.

Ọ̀kan nínú àwọn onídòdò fẹ́ lọ jí i kí fìlà rẹ̀ má bàa já sílẹ̀. Àṣíáwù fà á láṣọ.

"Fi wọ́n sílẹ̀ o jàre," ni ó wí. "Faransé ni wọ́n ń sọ."